Ibi Tí Bébà Afọlábí Ti Wá

Nínú gbogbo àwọn tó ń ya fótò ní Ẹdẹ lónìí, Kafilat Ọládòṣù nìkan ló ṣì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ fótò dúdú àti funfun. Àwọn yòókù ti ta ẹ̀rọ wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fótò pásípọ́ọ̀tù, àwọn kan sì ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Kafilat ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Òun náà ní fóònù, ó sì ń fi í ya àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè Gadà, tí kò ní fèrèsé, tí aṣọ dúdú méjì bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwo mẹ́ta ló tò sórí tábìlì níbẹ̀, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún: omi tí ń yọ àwòrán, omi lásán, àti háípò tí kì í jẹ́ kí àwòrán sá lọ. Bí wọ́n ṣe wà láti ogójì ọdún nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sún ọ̀kan kúrò nípò rẹ̀ láti gbálẹ̀, Kafilat á ti mọ̀ kó tó tan iná.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ìyá Onífótò ni àdúgbò ń pè é. Ó bí ọmọ mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ń ta aṣọ, ìkẹta ń kọ́lé fún àwọn ènìyàn ní Àbújá, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí ọwọ́ òun máa rùn fún háípò. Ọmọṣẹ́ tó gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ rẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì ti di awakọ̀. Kafilat kì í sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bó bá ń da omi àwo nù lálaalẹ́, ohun tó máa ń rò ni pé lọ́jọ́ tí òun bá da á nù tí òun ò tún pò ó mọ́, ó parí nìyẹn ní Ẹdẹ.

Mojọlá ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Olùkọ́ ni Mojọlá ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì tí ìjọ kan dá sílẹ̀ nítòsí ìlú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó kọ́kọ́ gbé nẹ́gẹ́tíìfù ìyá rẹ̀ àgbà wá kí Kafilat bá a fọ̀ ọ́, ó dúró wò ó bí ojú arúgbó náà ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti inú bébà funfun, ó sì sunkún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi kọ́ àwọn ọmọ mi níṣẹ́ yìí."

Ilé-ìwé fún wọn ní yàrá kan tó jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ló forúkọ sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Adérẹ̀mí, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka, kì í ṣe ènìyàn líle, ṣùgbọ́n yàrá ò tó, àwọn mìíràn sì ń béèrè fún un láti kó kọ̀ǹpútà sí. Ó dá ọjọ́ fún wọn. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbé fótò kan kalẹ̀ tó yẹ láti fi kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, yàrá di tiwọn. Bí wọn ò bá ṣe é, kọ̀ǹpútà á wọlé lọ́jọ́ Ajé.

Bébà ló wá kù. Bébà tó lórúkọ láti òkè òkun ti wọ́n ju ohun tí ẹ̀ka náà lè rà lọ. Mojọlá wá orí íńtánẹ́ẹ̀tì kiri títí ó fi rí èyí tí kò wọ́n, tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń tà ní Èkó. Páálí méjì ló rà. Páálí dúdú ni, wọ́n fi lẹ́tà funfun kọ "Òjìji" sí i lára. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á rò pé ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tó ń ṣe bébà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ṣí páálí àkọ́kọ́. Gílóòbù aláwọ̀ ọsàn tó bá àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ilé-ìwé náà wá ni wọ́n tàn, nítorí iná lásán máa ń ba bébà fótò jẹ́. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i tí Kafilat mú bébà kan, tó sì fi igun rẹ̀ kan ètè rẹ̀.

"Màmá, ẹ tiẹ̀ ń tọ́ ọ wò ni?" Moyinolúwa ló béèrè. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Mo ń wá ojú rẹ̀. Ojú tí oògùn wà máa ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹ̀yìn kì í lẹ̀."

"Yéè! Bébà tó ń fẹnu koni lẹ́nu!"

"Bó bá ti fẹnu kò ẹ́, ojú yẹn ni kí o kọ sókè. Má wulẹ̀ tì í dànù o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kafilat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí pé bébà náà ti bá a sọ̀rọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti pọ̀nmọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò lórí iná, àmọ́ ó fẹ́lẹ́. Ó na ọwọ́ sínú ọ̀rá dúdú tí bébà náà wà. Páálí pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀, wọ́n sì gé igun rẹ̀ kan kúrò kí ẹni tó wà nínú òkùnkùn lè fọwọ́ mọ ibi tí ojú bébà kọ sí. Àwọn ìka rẹ̀ mọ páálí yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ ló ti fi iná sun nígbà tó wà lọ́mọbìnrin. Òjìji kọ́ ni bébà yìí. Bébà Afọlábí ni.

Ó gbójú sókè wo gílóòbù náà. "Ṣé iná yìí ò mọ́lẹ̀ jù fún un?"

Mojọlá mú páálí, ó kà á. "Ohun tí wọ́n kọ ni pé iná ọsàn tàbí iná pupa, èyíkéyìí ló dára, Màmá."

Kafilat mọ̀ pé irọ́ ni. Bébà yẹn ò fẹ́ràn iná ọsàn rí. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n, bébà tí orúkọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún méjì láyé. Ó dákẹ́.

Fótò àkọ́kọ́ jáde bí ẹni da eérú sínú omi. Ojú Moyinolúwa ni, Moyinolúwa fúnra rẹ̀ ló tẹ orí rẹ̀ síwájú wò ó.

"Màmá, èmi nìyí àbí ọyẹ́ ló mú mi?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìkejì jáde bẹ́ẹ̀, ìkẹta náà jáde bẹ́ẹ̀. Wọ́n dín àkókò kù, wọ́n fi kún un, wọ́n pààrọ̀ omi. Nígbà tó fi di ìgbà karùn-ún, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Kó tó di ọ̀sán, páálí kan ti tán, kò sì sí funfun kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé Adérẹ̀mí wọlé nígbà tí wọ́n ń sá àwọn bébà bíbàjẹ́ náà. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ta ló ṣe bébà yìí?"

"Àwọn tó tà á fún wa ò sọ, sà," ni Mojọlá wí. "Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní àṣírí òwò ni."

"Bébà tí a ò mọ baba rẹ̀." Ó fi í lélẹ̀ jẹ́ẹ́. "Páálí kejì á wà lọ́fíìsì mi. Ẹ wá ẹni tó lè sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ṣe é àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí kò bá sí, a ó dá a padà fún wọn. Ọjọ́ Ẹtì ò yẹ̀ o."

Ó gbé páálí náà lọ. Mojọlá jókòó lórí àpótí, ó ní, "Èmi ni mo ra pàǹtí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á." Kafilat ń fọ àwo. Ó ń fọ èyí tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí a lè mọ ohun tó dí Kafilat lẹ́nu, a ní láti mọ Alàájì Afọlábí. Òun ni ọ̀gá rẹ̀, òun sì ni onífótò tó lókìkí jù ní Ẹdẹ láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dúró gbọọrọ ní ìlú náà. Ọdún 1978 ni bàbá Kafilat fà á lé e lọ́wọ́. Nígbà yẹn, bébà Òyìnbó ti ń wọ́n, àwọn onífótò kéékèèké ní Awo àti Sẹ́kọ́nà kì í lè ra odidi páálí. Alàájì wá bébà kan rí lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Èkó: bébà tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe ní ìlú olótùútù kan ní Yúróòpù, tí wọ́n ń tà láìlórúkọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Kò wọ́n, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń náwó lé e láti polówó rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e wá. Alàájì á tú u nínú òkùnkùn, á gé e sí ìwọ̀n pásípọ́ọ̀tù àti ìwọ̀n káàdì, á kó o sínú àpòòwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n bá a tẹ̀ ní Òṣogbo. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni: "Bébà Afọlábí, Ògidì."

Kò sígbà kan tí Alàájì sọ pé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń bá òun ṣe é. Àwọn oníbàárà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Alàájì máa ń ṣe ni pé á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì béèrè àlàáfíà ìyàwó wọn.

Kafilat ló ń gé bébà, òun ló sì ń sun páálí àtijọ́ níná lẹ́yìn ilé. Ní ọjọ́ tó gba fírídọ́ọ̀mù, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe àdúà tán, Alàájì ní kó fi ọwọ́ kan lé kámẹ́rà, kó fi ìkejì lé ọ̀bẹ ìgébébà, kó tún ọ̀rọ̀ yìí sọ: ohun tí ọ̀gá mi fi hàn mí nínú òkùnkùn, n kò ní gbé e síta láìgba àṣẹ ilé rẹ̀. Gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Àwọn kan ti gbàgbé. Kafilat ò gbàgbé. Alàájì ti kú láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ò tíì kú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó lọ sí agbo ilé Alàájì.

Ìyá Naimat, opó Alàájì, ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó já sín. Kafilat kúnlẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́," ni ìyá náà wí, oríkì ni ó fi ń pè é, "ṣé ẹsẹ̀ ló dédé gbé ẹ wá, àbí ọ̀rọ̀ ló rán ẹsẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ni, Ìyá."

"Ó yá, dìde ńlẹ̀ kí o jókòó. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi eékún sọ máa ń gùn."

Kafilat sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: yàrá, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá, páálí dúdú, bébà tó fẹnu kàn tó sì mọ̀. Ó sọ ìlérí tó ṣe lórí kámẹ́rà. Ìyá Naimat sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sí okùn. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kafilat rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta lo rò pé ó ń lẹ ẹnu àwọn àpòòwé yẹn? Láfún ni mo fi ń ro gọ́ọ̀mù wọn!"

"Ẹ mọ̀, Ìyá?"

"Mo mọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ sínú iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, kí ló fẹ́ fi pamọ́ fún ìyàwó?" Ó nu ojú. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ tán, àwọn kan á ní Afọlábí purọ́ jẹun ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ yẹn o."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn."

Ìyá Naimat gbé tẹ̀sùbáà sórí itan. "Jẹ́ kí n bi ẹ́. Bí páálí tuntun bá ti ọkọ̀ ojú irin bọ́, kí ni Alàájì kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Wọ́n á fa ewé bébà márùn-ún yọ níbẹ̀, wọ́n á fi fọ fótò."

"Bí kò bá dáa ńkọ́?"

"Wọ́n á dá odidi páálí náà padà sí Èkó."

"Títí kan èyí tó fi owó ọkọ̀ tirẹ̀ dá padà. Bébà tí kò lórúkọ, bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ta lèèyàn fẹ́ lọ bá? Òun ló ní kí wọ́n wá bá òun. Ìdí tó fi kọ orúkọ sí i nìyẹn." Ó tún mú okùn rẹ̀. "Lọ sọ ọ́. Mo fún ẹ láṣẹ. Ṣùgbọ́n sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Bó o bá sọ èyí tó dùn tí o fi èyí tó korò sílẹ̀, kò sí àṣẹ mi níbẹ̀."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kafilat gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé. Àpò kan wà lórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí ẹni gbé ẹyin. Gílóòbù pupa inú yàrá òkùnkùn tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó bá Ọ̀mọ̀wé Adérẹ̀mí lọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ kí Mojọlá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ kí òun tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pé sí ẹnu ọ̀nà.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ nípa ìlú olótùútù tí bébà náà ti ń wá, ọkọ̀ ojú irin, àpòòwé búlúù, ẹ̀rín músẹ́ Alàájì, ewé márùn-ún tó máa ń dán wò, ìlérí tí òun ṣe àti àṣẹ tí òun lọ gbà. Ó sọ pé àwọn onífótò Sẹ́kọ́nà náà fọ fótò eléérú nígbà àkọ́kọ́, tí Alàájì sì ránṣẹ́ sí wọn pé bébà òun ń jowú, iná pupa nìkan ló fẹ́ bá gbé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo gílóòbù yàrá òkùnkùn láti Ẹdẹ dé Awo fi di pupa.

Ọ̀mọ̀wé gbọ́ ọ tán. "Màmá, ẹ má bínú o. Páálí sọ tirẹ̀, ẹ̀yin náà sọ tiyín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́?"

"Ẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́ yín, kí ẹ sì fún mi ní ewé méjì."

Wọ́n wọ yàrá òkùnkùn. Lábẹ́ iná ọsàn, Kafilat tẹ́ bébà kan, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e, ó ní kí Moyinolúwa ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó rì í bọ omi. Bébà náà di eérú, àfi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà tó funfun báláú, tó fi mọ́ eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pààrọ̀ gílóòbù. Lábẹ́ iná pupa, ó ṣe bákan náà pẹ̀lú ewé kejì. Bébà náà jáde ní funfun, kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí nǹkan kan.

"Iná ló ń ya fótò ara rẹ̀," ni Fọláhànmí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, wí ní ohùn jẹ́jẹ́.

Mojọlá ti fa fóònù yọ. Ó pe àwọn ará Èkó, ó jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e. Mojọlá ṣàlàyé páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n gé igun rẹ̀, ó sọ òórùn rẹ̀, ó sì sọ irú ìlú tó ti wá.

"Ha! Ta ló sọ fún yín?" ni ohùn inú fóònù wí.

"Màmá wa ní Ẹdẹ ni."

"Ẹ bá mi kí wọn o. Òótọ́ ni, Ma. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ni. Àwa kàn ń gé e, a sì ń kó o sínú páálí tiwa ni. Ti iná yẹn, ara bébà mìíràn la ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ ṣàánú, a máa tún un ṣe."

Kafilat tẹ̀ síwájú. "Ọmọ mi, kí lẹ máa ń fi páálí àtijọ́ ibẹ̀ ṣe?"

"Àwọn tó ń ra páálí la máa ń tà á fún, Màmá."

"Ẹ ṣeun. Àwa máa ń sun ún ni. Ẹ gbọ́n jù wá lọ."

Ẹ̀rín sọ, Ọ̀mọ̀wé pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rọlẹ̀, ó kọjú sí Kafilat. "Màmá, ó ku ohun kan. Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé bébà yìí ni?"

Ó lè sọ pé àná ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, Ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí mo fi kan ètè."

"Ẹ sì ń wò wá títí tí odidi páálí kan fi bàjẹ́?"

"Mo ń wò yín, sà. Ìlérí ló dí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojú ò dí. Ó yẹ kí n ti da aṣọ bo bébà yẹn kí n sì ní kí ẹ dúró dè mí. N kò ṣe é. Ẹ foríjì mí."

Mojọlá ló wá sọ̀rọ̀, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ má dá wọn lẹ́bi nìkan, sà. Èmi náà fura sí iná yẹn láti ìgbà fótò kejì. Mo rò pé bí kò bá dáa, Màmá á ti sọ. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń kọ́ àgbà níṣẹ́ rẹ̀."

"Èmi náà sì rò pé olùkọ́ tó kàwé tó báyìí, òun ló yẹ kó mọ̀," ni Kafilat wí.

"Ọ̀wọ̀ lẹ fi ba páálí kan jẹ́!" ni Ọ̀mọ̀wé wí. Ó mi orí. Ó lọ sí ọfíìsì, ó gbé páálí kejì wá, ó fi lé Kafilat lọ́wọ́. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ti fi ilé rẹ̀ hàn mí. Àmọ́ ọ̀la ṣì ni ọjọ́ Ẹtì."

Ewé mẹ́tàlélógún ló kù nínú páálí náà lẹ́yìn ìdánwò kọ́kọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá ni wọ́n. Wọn ò sinmi lọ́jọ́ yẹn. Kafilat tò wọ́n sórí ìlà, ó sọ òfin méjì fún wọn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá mú ewé kejì láìjẹ́ pé òun wo àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dákẹ́ bó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, ì báà jẹ́ ọwọ́ òun Kafilat ló ti wá. Ní òfin kejì yìí, wọ́n rọra wò ó lójú bóyá eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré.

Fọláhànmí ló kọ́kọ́ dán òfin náà wò. "Màmá, mo rò pé... ẹ máa bínú?"

"Sọ ọ́."

"Fótò mi ò tíì dúdú tó, ẹ sì ní kí n yọ ọ́ nínú omi."

"Ó dára tí o béèrè. Bébà yìí máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Bó bá dára lójú ẹ nígbà tó tutù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Jẹ́ kó dà bí ohun tó nílò àfikún díẹ̀." Ó tún fi kún un, "Ohun tí a kò kọ sára páálí nìyẹn náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ kí ewé tó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ló ní fótò tó dára. Méjì ò ní. Ọ̀kan fi ewé tirẹ̀ méjèèjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rọ dúró láìmì, ẹnì kejì ju tirẹ̀ sínú háípò kó tó kan omi àkọ́kọ́. Ó bú sẹ́kún. Kafilat sọ fún un pé òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, lórí fótò ìgbéyàwó, nígbà tí ìyàwó fúnra rẹ̀ wà níta tó ń dúró.

"Kí lẹ sọ fún ìyàwó náà?"

"Mo ní kó lọ múra padà. Ó bú mi tìyá tìyá. Fótò kejì tiẹ̀ wá dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ìbínú ti jẹ́ kí ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ní agogo mẹ́wàá, wọ́n fi ìṣó kọ́ fótò mẹ́wàá sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀ lófo, Kafilat ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Adérẹ̀mí ń rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Fótò bàbá olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wà níbẹ̀, gbogbo ìlà iwájú orí rẹ̀ hàn kedere. Ti obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní oríta Sẹ́kọ́nà wà níbẹ̀, ti Moyinolúwa wà níbẹ̀, láìsí ọyẹ́ lójú. Ó dé ibi tó ṣófo, ó dúró.

"Méjìlá ni mo ní kí ẹ gbé wá."

"Mẹ́wàá ló wà, Ọ̀mọ̀wé," ni Kafilat wí. "Bébà ló tán. Bébà sì tán nítorí mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ò jẹ̀bi."

Ó wo ògiri náà pẹ́ títí. Níkẹyìn Ọ̀mọ̀wé fa ìwé kékeré yọ lápò, ó kọ nǹkan sí i, ó sì kà á sí wọn létí bí ẹni ń ka ìdájọ́. Wọ́n á ní yàrá náà títí tí sáà ẹ̀kọ́ yìí á fi parí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ní òpin sáà, òun á tún wá wò. Bí bébà tuntun bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ewé márùn-ún dán an wò, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó fún un lórúkọ, àti irú iná tó fẹ́, sínú ìwé tí wọ́n á máa fi sílẹ̀ nínú yàrá. Ó wo ojú Kafilat. "Kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè kà á, Màmá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ilé tó ti máa gba àṣẹ."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, sà," ni Kafilat wí. Ó sì dára lójú rẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pariwo. Mojọlá dì mọ́ ọn láìronú pé àgbà ni. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, tí Kafilat gun àga nínú yàrá òkùnkùn, tó ń tú gílóòbù pupa rẹ̀ kúrò láti gbé e padà lọ sílé, Moyinolúwa wá dúró ti àga náà.

"Màmá, iṣẹ́ wo lẹ máa ń ṣe ní Sátidé?"

"Nẹ́gẹ́tíìfù àwọn ará ìlú ni mo ń fọ̀."

"Ṣé mo lè máa wá? Kì í ṣe torí ìdánwò. Mo kàn fẹ́ wá ni."

Kafilat fi aṣọ di gílóòbù náà, ó rọra gbé e sínú àpò. Ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Aago méje ni mo ń ṣílẹ̀kùn," ni ó wí. "Bó o bá dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú kan, wàá bá aṣọ dúdú lẹ́nu ọ̀nà, o ò sì ní lè wọlé títí màá fi ṣe tán, torí ìmọ́lẹ̀. Jẹun kí o tó wá. Má kun nǹkan sí èékánná. Di ẹnu ẹ mọ́ra díẹ̀."

"Màmá, ti ẹnu yẹn ló le níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Kafilat wí, ó na ọwọ́ sí i kó ran òun lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. "Máa bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà."